Ću, Ọba Ọ̀la Tí Kò Lè Dá Dúró

Ẹ fún mi láyè, ẹ jẹ́ kí n ki ẹni tí ẹnikẹ́ni kò kì rí.
Onílù, má fi gángan pè é, agogo kékeré ti tó o.
Kò lẹ́ṣin, kò lágboòrùn,
lẹ́tà méjì péré ni gbogbo ara rẹ̀,
sílébù kan ṣoṣo, sílébù náà kò sì ní ohùn tirẹ̀.
Ću o!
Ću ọmọ Htjeti.
Htjeti tó ń jẹ́ Htjeti ní Zagreb, ní Sarajevo àti ní Podgorica,
tó bá wọ Belgrade tán, a bọ́ j sílẹ̀, a di Hteti.
Aláṣọ mẹ́ta lórí ara kan:
ó wọ Hoću lọ sọ́jà, ó ń nawọ́ sí ohun gbogbo;
ó wọ Neću nílé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra;
ó wọ Ću lọ sóde ìlérí, aṣọ náà kò bo orúnkún.
Yẹ̀yẹ́ rẹ ni mo wá ṣe, ṣùgbọ́n n kò ní í parọ́ mọ́ ọ.
Ohun tí o ṣe ni n ó wí, ohun tí o kò lè ṣe ni n ó sì wí.

“Fẹ́” ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe yìí. Èdè tí wọ́n ń pè ní Serbo-Croatian nígbà tí Yugoslavia ṣì wà ló ni ín. Lónìí èdè náà ní orúkọ mẹ́rin, ti Sẹ́bíà ní Belgrade, ti Kùróéṣíà ní Zagreb, ti Bósíníà ní Sarajevo àti ti Montenegro ní Podgorica, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń lò ó láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọ kékeré tí òùngbẹ ń gbẹ á ní “Hoću vode,” mo fẹ́ omi. Ìyá tí kò gbọ́ ọ dáadáa á ní “Šta hoćeš?” bó bá jẹ́ ará Belgrade, “Što hoćeš?” bó bá jẹ́ ará Zagreb: kí lo fẹ́? Hoću ni mo fẹ́, hoćeš ni o fẹ́, hoće ni ó fẹ́, hoćemo ni a fẹ́, hoćete ni ẹ fẹ́. Ẹni tó bá ń retí ìkẹfà, kó má wá a jìnnà. Hoće yẹn náà ni wọ́n fẹ́.

Hoće, ìwọ ni ẹnì kan, ìwọ náà ni èrò ọjà!
Raditi, ọ̀rọ̀ iṣẹ́, mọ̀ ọ́n yà:
radi ni ó ń ṣiṣẹ́, rade ni wọ́n ń ṣiṣẹ́.
Imati, ọ̀rọ̀ níní, mọ̀ ọ́n yà:
ima ni ó ní, imaju ni wọ́n ní.
Ìwọ, bí wọ́n bá sáré wá sọ fún onílé pé “Hoće novac,”
owó ni wọ́n ń wá, ìyẹn dájú,
ṣùgbọ́n onílé kò mọ̀ bóyá ẹnì kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà
tàbí gbogbo àdúgbò.

Wọn kò tilẹ̀ fi ìfẹ́ lé e lọ́wọ́. Fẹ́ tiwa ni a fi ń fẹ́ omi, òun ni a fi ń fẹ́ ara ẹni, òun náà ni a fi ń fẹ́ ìyàwó. Tiwọn kò dé ibẹ̀. Ọmọkùnrin tó bá jókòó ti ọmọbìnrin létí odò Sava, “Volim te” ni yóò sọ, Voljeti ló sì ni iṣẹ́ yẹn. Bó bá ṣi ẹnu sọ “Hoću te,” ọmọbìnrin náà á wò ó lójú kó tó mọ irú ìdáhùn tó máa fún un.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bú ọ láìmọ ìran rẹ, kó wá gbọ́.
Gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe inú agbo ilé yín ló ti gba m sí ìparí orúkọ “mo”:
radim, mo ń ṣiṣẹ́. Imam, mo ní. Idem, mo ń lọ. Volim, mo fẹ́ràn.
Ìwọ kọ̀, Moći náà kọ̀.
Hoću, mo fẹ́. Mogu, mo lè.
Ẹ̀yin méjì nìkan lẹ ṣì di u àwọn baba ńlá mú nínú èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níléèwé.
Ìfẹ́ àti agbára, àwọn ni kò pààrọ̀ aṣọ.
Mo yìn ọ́ fún ìyẹn, mo sì yìn ọ́ láìfi ẹ̀gbẹ́ kan wí.
Mo tún yìn ọ́ nítorí pé ẹnu kì í sábà fi ọ́ pàṣẹ.
A lè ní kí ènìyàn jókòó, kó dìde, kó jẹun, kó sanwó.
Ta ni yóò ní kí ènìyàn fẹ́?

Nígbà tó bá di ọ̀rọ̀ àná, ó ń wọ agbádá. Ọkùnrin á ní “htio sam,” obìnrin á ní “htjela sam,” ní Belgrade “hteo sam” àti “htela sam”: mo ti fẹ́. Ẹni tó ní ọ̀wọ̀ á sọ ọ́ di “htio bih,” ìyẹn bí ẹni ń sọ pé ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀ yín, kí ẹni tó ń ta kọfí má bàa rò pé àṣẹ ni wọ́n ń pa fún òun. Nínú ìwé àtijọ́ àti lẹ́nu àwọn àgbà kan, “htjedoh” ṣì wà, ó gùn, ó sì wuyì. H tó jẹ́ adé orí rẹ̀ nìkan ni kò gbádùn. Lójú pópó, wọ́n ti ṣí i kúrò. “Oću,” “oćeš,” “tio,” “teo.” Olùkọ́ á fi pẹ́ńsù pupa gbé adé náà padà sórí, akẹ́kọ̀ọ́ á kí olùkọ́ ó dàbọ̀, kó tó dé ẹnu géètì adé ti já bọ́.

Ó wá ku aṣọ kẹta, èyí tí mo tìtorí rẹ̀ dìde.
Gé orí Hoću, ó di Ću.
Gé orí Hoćeš, ó di Ćeš.
Će, ćemo, ćete, će.
Wọ́n gé orí yín tán, ẹ sì jogún ọjọ́ iwájú!
Ohun gbogbo tí kò tíì ṣẹlẹ̀ láàárín Zagreb àti Belgrade,
ìgbéyàwó tí kò tíì wáyé, gbèsè tí wọn kò tíì san,
òjò tí kò tíì rọ̀ sórí Sarajevo,
ẹ̀yin ni ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.
Doći ću, n ó wá.
Platit ću, n ó sanwó.
Ọba ọ̀la ni ọ́, Ću!
Ọba tí kò lè dá dúró.

Èyí kì í ṣe èébú, òfin èdè náà ni. Ću kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú gbólóhùn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ću doći,” ọmọ ọdún mẹ́ta á yí ojú padà wò ó. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ṣáájú: “Ja ću doći,” èmi; “Sutra ću doći,” lọ́la; “Doći ću,” wíwá fúnra rẹ̀. Ipò kejì ni tirẹ̀, níbi tó ti lè fẹ̀yìn ti ẹni tó wà níwájú. Èdè náà jẹ́ ọ̀kan nínú díẹ̀ tó ń lo ohùn ní Yúróòpù, irú ohùn mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ kà nínú rẹ̀, èyí tó ń lọ sílẹ̀ àti èyí tó ń gòkè, kúkúrú àti gígùn. Àwa tí ohùn jẹ́ oúnjẹ wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ću kò rí ẹyọ kan gbà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohùn ẹni tó wà níwájú ló fi ń mí.

Bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè gidi, ó sá wọlé lọ mú aṣọ ńlá. “Hoćeš li doći?” Ṣé o máa wá? Ìdáhùn kò lè jẹ́ “Ću.” “Hoću” ni. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára. Ẹni tó dáhùn pé “Hoću” ti sọ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan: mo fẹ́ wá, n ó sì wá. Kò sí ẹni tó lè fi ọ̀bẹ ya méjèèjì. Tiwa, a lè fẹ́ láìní ṣe, a sì lè ṣe láìfẹ́. Yóò wà lọ́tọ̀, fẹ́ wà lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹnu wa náà mọ ọ̀nà yẹn. Nígbà tí ìkúùkùu bá ṣú, a ní “òjò fẹ́ rọ̀.” Òjò kò ní ọkàn, kí ló fẹ́? Ilé tí ògiri rẹ̀ là, a ní “ilé fẹ́ wó.” Ará Belgrade tó bá rí ìkúùkùu kan náà á ní “Hoće kiša,” òjò ń fẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pàdé gbólóhùn yẹn, ó dà bíi pé mo bá ará ilé mi pàdé ní ìlú tí n kò dé rí.

Wọ́n pọ̀ ní ìdílé rẹ, Ću, tó bẹ̀rẹ̀ láti inú fẹ́ tó parí sí inú ọ̀la.
Ẹ̀gbọ́n wà ní Gíríìsì, θα lorúkọ rẹ̀,
fẹ́ ni òun náà láyé àtijọ́.
Àbúrò wà ní Bùlùgéríà, ще. Òmíràn wà ní Masidóníà, ќе.
Ọwọ́ wọn ti gé, ẹsẹ̀ wọn ti gé:
mo, o, ó, a, ẹ, wọ́n, kò sí èyí tó yí wọn padà mọ́.
Ìwọ, bó o ti kéré tó, o ṣì ń jẹ́ ću, ćeš, će,
o ṣì ń da ẹni tó ń ṣèlérí mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n ń ṣèlérí fún.
Ẹni tó ṣèlérí kò lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ.
Mo yìn ọ́ fún èyí náà.
Ní àkọtọ́ Cyrillic, Ћ ni o fi ń ṣíwájú,
lẹ́tà tó wà lórí orúkọ àkọtọ́ náà fúnra rẹ̀, ћирилица.
Lẹ́tà ọba lórí ọ̀rọ̀ aláìlẹ́sẹ̀!

Ìjà tí wọ́n jà lórí èdè náà kò ní òpin. Ní ọdún 1850, ní Vienna, àwọn ọ̀mọ̀wé Sẹ́bíà àti Kùróéṣíà, Vuk Karadžić àti Ivan Mažuranić wà lára wọn, fọwọ́ sí àdéhùn pé kí wọ́n jọ ní èdè ìkọ̀wé kan. Orí rẹ̀ ni ilé-ìwé àti ìwé ìròyìn Yugoslavia dúró lé nígbẹ̀yìn. Ogun bẹ́ ní 1991, orílẹ̀-èdè náà fọ́, èdè gba orúkọ tuntun bí àwọn ìlú ṣe ń gba àsíá tuntun. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀, ojú wọn sì bọ́ sórí ću.

Zagreb ní: radit ću, n ó ṣiṣẹ́, ẹ fi àyè sí àárín.
Belgrade ní: radiću, ẹ lẹ̀ ẹ́ pọ̀.
Ẹ ka méjèèjì sókè kí n gbọ́!
Radiću. Radiću.
Etí kan náà, ohùn kan náà.
Ààlà ilẹ̀ ni wọ́n gbé gba àárín ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò rí.
Àwọn ará Zagreb tún bára wọn jà nínú ilé:
ṣé neću ni ká kọ, àbí ne ću?
Àyè kékeré kan, ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ ìwé.
Ní 2013, nígbà tí ilé ìwádìí èdè Kùróéṣíà gbé ìwé àkọtọ́ rẹ̀ jáde,
neću ló fi síwájú.
Ìwọ kò sọ̀rọ̀, Ću. O fẹ̀yìn ti ẹni tí wọ́n bá fún ọ.

Mo gbà pé èdè tó bá fẹ́ orúkọ tirẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí i, àwa tí a bára wa jà lórí “aiye” àti “ayé” kò lè fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ohun tó dùn mí ni ìgbà tí wọ́n bá lo lẹ́tà méjì láti sọ fún aládùúgbò pé a ò gbọ́ ohun tó ń wí. Ní 1999, wọ́n gbé fíìmù kan láti Belgrade, Rane, wá sí sinimá ní Zagreb, wọ́n sì kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní èdè Kùróéṣíà. Àwọn tó jókòó nínú òkùnkùn ń gbọ́ ọ̀rọ̀, wọ́n sì ń ka ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ̀rín ni wọ́n rín. Ẹ̀rín yẹn wù mí ju àdéhùn tí àwọn ọ̀mọ̀wé buwọ́ lù lọ. Ní 2017, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé àti onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tún jáde, wọ́n kéde pé àjùmọ̀ní ni èdè náà. Àwọn kan yìn wọ́n, àwọn kan bínú. Ću wà nínú ìyìn, ó sì wà nínú ìbínú.

Ẹ jẹ́ kí n ki Neću kí n tó sinmi, nítorí pé òun ló le jù nínú wọn.
Neću, àpáta!
Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kékeré fi ń di ènìyàn.
Wọ́n gbé ṣíbí ọbẹ̀ sí i lẹ́nu: “Neću.”
Wọ́n ní kó wọ bàtà: “Neću.”
Wọ́n ní kó kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀: ó sá sẹ́yìn aṣọ, “Neću.”
N kò fẹ́ ni, n kò sì ní í ṣe é ni,
ọ̀rọ̀ kan gbé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan.
Ọkọ̀ tó kọ̀ láti tan, wọ́n ní “neće,” bíi pé irin ní agídí.
Ilẹ̀kùn tó di, “neće.”
Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ bá wọlé, ẹni tó lè sọ Neću,
ẹ bá mi wá a rí, kí n bọ́ fìlà fún un.

Neću máa ń dúró, ẹ ṣàkíyèsí. Ó lè bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, ó lè dá gbólóhùn jẹ́. Ó ní ohùn tirẹ̀. Àárín kíkọ̀ àti ìlérí nínú ọ̀rọ̀ kan náà, kíkọ̀ ló ní eegun. N kò mọ èdè mìíràn tó sọ òtítọ́ yìí fún mi gbangba bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ìlérí ló pọ̀ lóde. Ẹ lọ bá èèyàn lórí iṣẹ́ tó yẹ kó ti parí láti oṣù tó kọjá, á mi orí, á ní “Lako ćemo.” Ìrọ̀rùn ni a ó. A ó kí ni? Kò sọ. Kò sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kankan nínú gbólóhùn náà. “A ó” nìkan ló wà níbẹ̀, ó jókòó bí àlejò tí kò mú ẹrù dání. Olóṣèlú á gun pèpéle, á ka ćemo, ćemo, ćemo, títí ọwọ́ àwọn ènìyàn yóò fi ró nínú àtẹ́wọ́. Nígbà tí kò bá sì ṣẹ, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn èèyàn fi ń tu ara wọn nínú. Wọ́n á gbé èjìká sókè, wọ́n á ní “Šta ćeš.” Kí ni o ó ṣe? Ọ̀rọ̀ tó ṣèlérí, òun náà ló wá ń bá ọ dárò pé ìlérí kò ṣẹ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin àgbà kan tó ń sọ ìtàn ilé rẹ̀ tó jó nígbà ogun. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìsunkún, ó dé òpin, ó ní “Šta ćeš,” ó wá dìde lọ gbé kọfí kaná. N kò lè fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dá agogo dúró níbẹ̀.

Ću, o ti dé Èkó rí.
Ní àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé Energoprojekt ti Belgrade wá kọ́ pápá ìpàtẹ ọjà àgbáyé
lójú ọ̀nà Badagry. Zoran Bojović ló ya àwòrán rẹ̀.
Àwọn tó wá pẹ̀lú wọn kò fi ẹnu sílẹ̀ nílé.
O tẹ yanrìn Ọ̀jọ́, ìwọ aláìlẹ́sẹ̀,
nínú oòrùn tí ìyá rẹ kò mọ̀.
Àwọn ọmọ Áfíríkà náà sì lọ bá ọ ní yunifásítì Belgrade àti ti Zagreb,
wọ́n kọ́ hoću kí wọ́n tó kọ́ ìṣègùn.
Ẹnu wọn tó mọ ohùn kò bẹ̀rù ohùn yín.

Ó ti tó báyìí, Ću.
Aláìní ohùn tó ń gbé ohùn àwọn tí kò tíì sọ̀rọ̀,
kéékèèké tó ń gbé ẹrù tí kò tíì dé,
òpùrọ́ tí a kò lè gbé láìsí rẹ̀.
Ẹnì kan ti bi ẹnì kan léèrè lálẹ́ àná pé “Hoćeš li doći?”
Ìdáhùn ti jáde, “Hoću.”
Wọ́n ti gbọn aṣọ orí tábìlì,
wọ́n ti ka ife lé e, wọ́n fi ọ̀kan kún un.
Ilẹ̀ ti ń mọ́ lórí Sava.
Sutra ti wọlé, ó ṣáájú rẹ gẹ́gẹ́ bí òfin.
Bọ́ sẹ́yìn rẹ̀.